Oògùn Tó Tètè Ń Kúrò Lára

Bí ohùn oníwàásù bá há fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò là, dókítà ọ̀fun lè fẹ́ gé díẹ̀ nínú kókó tó yọ sí gògóńgò rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀nà tí irin dókítà ń gbà wọlé náà ni èémí ń gbà, ọ̀fun kò sì gbọdọ̀ mira. Nítorí náà, àwa tí a ń kun aláìsàn lóorun á fún un ní oògùn tó ń mú iṣan dẹ̀. Oògùn yìí kì í pa ìrora, kì í sì í mú oorun wá. Agbára iṣan ló ń gbà, títí kan èyí tí a fi ń mí. Bó bá ti wọlé, ọwọ́ wa ni èémí aláìsàn wà. Ìgbà tí yóò kúrò lára ló jẹ mí lógún jù.

Láti 1951 ni wọ́n ti ń lo suxamethonium, ọ̀kan nínú irú oògùn yìí. Bó bá ń wọlé, ìpéǹpéjú á kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà èjìká, àyà, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, bí ẹni pé eèrà ń tò lábẹ́ awọ. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ á ti gé e wẹ́wẹ́. Ó ní àléébù o. Ẹni tí iná jó gan-an tó ti kọjá ọjọ́ kan, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ nítorí ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn, a kì í fún un: potassium inú iṣan lè ya wọ ẹ̀jẹ̀, kí ọkàn dúró.

Rocuronium, oògùn mìíràn tó ń mú iṣan dẹ̀, kò ní wàhálà yẹn. Mílígíráàmù 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan á mú aláìsàn láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó lè lo wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ọ̀fun ti bọ́ ìbọ̀wọ́, iṣan aláìsàn ò tíì jí. Oògùn kan tó ń jẹ́ sugammadex ló ń gbá rocuronium mọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò fi ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2008, Amẹ́ríkà ní 2015. Lọ́dọ̀ wa, owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń fi àpò ara wọn ra oògùn iṣẹ́ abẹ. Níbi tí sugammadex bá wà, rocuronium ni mo fara mọ́. Níbi tí kò bá sí, suxamethonium ni, lẹ́yìn tí a bá ti wádìí aláìsàn dáadáa.

Àwọn kan jogún àìtó èròjà tó ń gé suxamethonium. Iṣan wọn lè má jí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀rọ ni yóò máa bá wọn mí. Ẹ jọ̀wọ́, bí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí, tó sì pẹ́ kó tó lè mí fúnra rẹ̀, ẹ má fi ṣe àṣírí ẹbí. Ẹ sọ fún wa kí a tó fa oògùn sí abẹ́rẹ́.