Lẹ́yìn Géètì Oshivelo

Láti Windhoek, olú-ìlú Namibia, dé agbègbè Oshakati tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà náà tó nǹkan bíi 700 kìlómítà. Okahandja, Otjiwarongo, Otavi, Tsumeb: ìlú kéékèèké ni wọ́n, wọ́n sì jìnnà síra. Èèyàn lè jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí kan gbáko láìrí ilé kankan, àfi igi ẹlẹ́gùn-ún àti wáyà tí wọ́n fi sọgbà yí oko màlúù ká. Àwa tí a dàgbà sí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ irú ilẹ̀ gbalasa bẹ́ẹ̀. Namibia fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó Nàìjíríà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka èèyàn ibẹ̀ ní 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta péré ni gbogbo wọn.

Tí ọkọ̀ bá kúrò ní Tsumeb, Oshivelo ló kàn. Géètì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró. Àwọn tó ń lọ sí gúúsù ni wọ́n máa ń tú ẹrù wọn wò jù, nítorí ẹran tútù láti àríwá kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Àwọn Jámánì ló fa ààlà tí géètì náà wà lórí rẹ̀ ní 1896 nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa màlúù, ó sì wà títí di òní. Láyé ìgbà kan, kì í ṣe ẹran nìkan ni wọ́n ń dá dúró níbẹ̀. Nígbà tí South Africa ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, ọkùnrin ẹ̀yà Owambo láti àríwá tó bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà tàbí ní Windhoek ní láti gba ìwé àdéhùn, kó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ nílé, kó sì padà wálé nígbà tí àdéhùn bá pé. Ní ìparí ọdún 1971, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìyà yìí. Ìwé àdéhùn tèmi náà wà nínú báàgì mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kọjá ní géètì yẹn. Èmi ni mo fọwọ́ sí i fúnra mi, ẹnikẹ́ni ò fi agbára mú mi, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ló jìyà kó tó lè rí bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe kọjá géètì yẹn ni gbogbo nǹkan yí padà. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, iyanrìn funfun ló kún ibẹ̀, ọ̀pẹ makalani dúró káàkiri. Ewúrẹ́ ń sáré gba iwájú ọkọ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró sáàárín títì, kò sì yà fún ẹnikẹ́ni. Ilé ọtí kéékèèké tí wọ́n ń pè ní cuca tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà, ìlù ń dún nínú wọn, àwọn obìnrin ń yan ẹran níwájú ìta. Èèyàn wà níbí. Ara mi yá gágá.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Kí n tó dé, wọ́n ti yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò, wọ́n sì ti fún mi ní físà iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ onísùúrù ni ìyẹn, mi ò ní fi dá yín dúró. Aago méje àárọ̀ ni kílàsì máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí lọ́sàn-án. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ wọn, nítorí òun ni wọ́n yàn nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1990. Àwọn olùkọ́ tó dàgbà jù mí lọ, èdè Afrikaans ni wọ́n fi kàwé nílé-ìwé, wọ́n sì tún jókòó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà kí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́. Mo bọlá fún wọn gidigidi lórí èyí.

Ohun tó kọ́kọ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni ìkíni wọn. Kò sí ẹni tó ń wọ ọ́fíìsì lọ béèrè ṣọ́ọ̀kì láìkí èèyàn. Wọ́n á béèrè bóo ṣe sùn, ìwọ náà á béèrè tiwọn, wọ́n á tún bi ọ́ bóyá dáadáa ni, ìwọ á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ tó kan iṣẹ́. Ọ̀sán ní tirẹ̀, alẹ́ ní tirẹ̀. Meme ni wọ́n ń pe obìnrin, Tate ni wọ́n ń pe ọkùnrin, ìbáà ṣe ọ̀gá ilé-ìwé tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà á tẹ orúnkún díẹ̀, á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Èèyàn tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un.

Síbẹ̀, ìkíni nìkan ò tó láti máa gbé ibì kan. Inú ọgbà ilé-ìwé ni ilé mi wà. Tí ìparí ọ̀sẹ̀ bá dé, gbogbo èèyàn á lọ sílé, ọgbà á sì dá. Olùkọ́ kan tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ló sọ fún mi ní ọjọ́ Ẹtì kan pé, "Meme, ìwọ ò lè máa gbé bí ẹni tí kò ní èèyàn. Jẹ́ ká lọ kí ìyá mi." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ilé kan ní Namibia. Kuku ni gbogbo wa ń pe ìyá náà, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀.

Igi gbọọrọ gbọọrọ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n sún mọ́ra ni wọ́n fi ṣe ọgbà ilé Kuku, ọ̀nà inú rẹ̀ sì ń yí ká, tó fi jẹ́ pé àlejò ò lè mọ ibi tí yàrá wà. Ẹnu ọ̀nà lo máa dúró sí títí wọ́n á fi ní kóo wọlé. Nínú àgbàlá ni apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ẹ̀ka igi hun wà lórí ìtẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ni jéró wọn wà, èyí tí wọ́n ń pè ní mahangu. Jéró yìí ni ẹ̀mí gbogbo agbègbè náà. Wọ́n á gbìn ín nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, wọ́n á sì kórè rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún. Òjò yìí ò ṣe é fọkàn tẹ̀. Ní 2011, omi tó ń ṣàn wá láti òkè Àǹgólà gba àwọn ojú-omi tí kò jìn tí wọ́n ń pè ní oshana, ó bo ilé àti ilé-ìwé mọ́lẹ̀. Ní 2024, ọ̀dá mú débi pé ìjọba kéde pàjáwìrì. Kuku ti rí méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń jẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbófo.

Odó wọn kì í dúró lórí ilẹ̀ bí tiwa. Ihò ni, tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti fi erùpẹ̀ òkìtì ọ̀gán rẹ́ kó le, àwọn ilé mìíràn ti ń fi sìmẹ́ńtì ṣe é. Wọ́n á da jéró tí wọ́n ti fi omi rin sínú rẹ̀. Obìnrin méjì tàbí mẹ́ta á yí i ká, ọmọ odó gígùn á wà lọ́wọ́ kálukú, wọ́n á máa gún un ní títẹ̀léra láìkọlu ara wọn. Bóo bá jáfara díẹ̀, ọmọ odó ẹlòmíràn á kan tìrẹ. Nítorí pé ihò náà wà nínú ilẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, kì í ṣe apá. Kuku jókòó sí ìbòòji, kò sọ ohunkóhun, ó kàn ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀ kí n lè mọ ìgbà tó kàn mí. Tí a bá ti gún un tán, a ó fẹ́ ẹ pẹ̀lú àtẹ, a ó tún gún un, a ó sì sá ìyẹ̀fun rẹ̀ sóòrùn.

Oshifima ni wọ́n fi ń ṣe. Wọ́n á rò ó nínú ìkòkò bí ẹni ro àmàlà, wọ́n á sì gbé e ka iwájú gbogbo ilé pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tàbí adìẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n fi òróró èso marula sè. Ọwọ́ ni a fi ń jẹ ẹ́. Iyanrìn díẹ̀ kì í ṣàì wà nínú rẹ̀, nítorí náà a kì í rún un lẹ́nu, a máa ń gbé e mì ni, èyí tí ọmọ Yorùbá ti ń ṣe láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú. Ata ni mo ṣì ń wá. Ṣùgbọ́n òróró marula yẹn, ó dùn débi pé mi ò lè fi ẹnu ròyìn rẹ̀. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ni èso náà máa ń jábọ́, tí àwọn obìnrin á kó ara wọn jọ láti fún omi rẹ̀ ṣe ọtí. Àjọ UNESCO ti fi àjọ̀dún tí wọ́n ń fi èso yìí ṣe sínú àkójọ àṣà àgbáyé láti 2015.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ wa kọ́. Ọmọ Namibia tó bá ti pé 60 ọdún, ìjọba ń fún un ní owó lóṣooṣù, ìbáà ṣiṣẹ́ ìjọba rí tàbí kò ṣe é rí. Ní ọjọ́ owó, ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ ìpọwó á dúró lábẹ́ igi ńlá kan. Àwọn àgbà á ti dé láti àárọ̀ pẹ̀lú àga kéékèèké àti àgbòòrùn. Àwọn oníṣòwò á tẹ́ ọjà sí àyíká wọn: ọṣẹ, ṣúgà, aṣọ, bàtà ọmọ ilé-ìwé. Kuku á tẹ ìka sórí ẹ̀rọ, á ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì yọ ti ìwé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sápá kan kó tó ra ohunkóhun fún ara rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, kò gba owó oṣù rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rò ó kan àwọn ìyá wa tó lo ọjọ́ ayé wọn lóko àti lọ́jà, tó jẹ́ pé ọmọ nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 2011, tí wọ́n ń fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣù, ṣùgbọ́n kò fìdí múlẹ̀. Ó yẹ ká tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé Kuku kan náà, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọkùnrin bi mí níbi tí mo ti wá. Nígbà tí mo ní Nàìjíríà, ó dìde, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó mọ àwọn tó lọ kàwé ní ilẹ̀ wa nígbà ogun òmìnira. Mo sọ fún un pé olùkọ́ ni bàbá mi, àti pé nígbà tí Nàìjíríà dá àpò owó ìrànwọ́ sílẹ̀ ní 1976 fún ìjà òmìnira ní gúúsù Áfíríkà, bàbá mi wà lára àwọn tó dáwó níbi iṣẹ́. Bàbá àgbà náà túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ilé. Kuku wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pa adìẹ.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ níhìn-ín, kó mú aṣọ òtútù tó nípọn àti bùláńkẹ́ẹ̀tì dání, nítorí òru oṣù Kẹfà àti Keje kò ṣe é fi ojú kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn á ràn lọ́sàn-án. Tó bá kó èlùbọ́ àti ata gbígbẹ wá, kó sọ fún àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n tó bi í. Kó má ṣe wakọ̀ lójú títì ńlá lóru, torí àgbọ̀nrín ńlá tí wọ́n ń pè ní kudu àti màlúù ń pa awakọ̀. Ní ìparí oṣù, kó tètè lọ sí báǹkì, nítorí gbogbo ìlú ló máa wà lórí ìlà. Kó sì wá ilé kan tí àgbà wà, kó máa lọ kí wọn níbẹ̀.

Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n tún àdéhùn mi ṣe. Kuku ti gé abala kan fún mi nínú oko rẹ̀ fún òjò tó ń bọ̀. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ gbìn sáàárín jéró rẹ̀, kí n lè fi dín àkàrà fún àwọn ọmọ ilé náà.