Ajá olórin ráàpù dá ẹjọ́ sílẹ̀ láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ kan. Ẹjọ́ yìí kò dé ààfin, kò dé àgọ́ ọlọ́pàá. Inú ilé ìyá kan tó ń ta iṣu ní Ìkàrẹ́ Àkókó ló ti ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ ìyá náà méjì ló sì ń bá ara wọn fà á. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọkùnrin, fóònù ló ń tún ṣe, Ìkàrẹ́ níbẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Àbúrò jẹ́ obìnrin, iṣẹ́ irun dídì ló ń kọ́ ní Ọ̀kà, ilé àǹtí wọn ló ń gbé lọ́hùn-ún. Bó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, á wọ ọkọ̀, á gba Àkùngbá wá sílé wá wo ìyá rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń jà sí? Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe owó. Ajá ni. Ajá tó ń kọrin ráàpù nínú tẹlifíṣọ̀n! Ẹ má tíì fi wọ́n rẹ́rìn-ín o, nítorí ọ̀rọ̀ ajá yìí ló sún fírídọ̀mù ọmọbìnrin náà síwájú.

Ṣé ẹ mọ ilé géèmù? Ìkàrẹ́ ní wọn, Ọ̀kà ní wọn, ti Àkùngbá tí yunifásítì wà tún wá lọ jàra. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń gbá níbẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á san owó, wọ́n á di páàdì mú, wọ́n á máa lọgun bí ẹni pé àwọn gan-an ló wà lórí pápá. Ti ẹ̀gbọ́n yìí yàtọ̀. Oníbàárà kan ló gbé PlayStation 2 wá fún un láti tún ṣe, kò rí owó àtúnṣe san, ló bá fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ tòun ti àpò sídì rẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni. Ọdún 2000 ni Sony gbé e jáde, ọdún 2013 ni wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀, iye tí wọ́n sì tà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 150. Ohun tó dára lára rẹ̀ ni pé ó máa ń gbé sídì ti PlayStation àkọ́kọ́ náà. Bí ajá kan ṣe lè wà nínú sídì méjì, tí ẹ̀rọ kan sì gbé méjèèjì, nìyẹn.

PaRappa ni orúkọ ajá náà. Ìparí ọdún 1996 ni géèmù rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní Jàpáànù. Masaya Matsuura, olórin ará ibẹ̀, àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ NanaOn-Sha ló ṣe é. Rodney Greenblat, ará Amẹ́ríkà, ló ya àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Ajá ọ̀hún fẹ́lẹ́ bíi pépà, ó dé fìlà, ó sì ń nífẹ̀ẹ́ ọmọge kan tó jẹ́ òdòdó. Torí ọmọge yìí ló ṣe ń kọ́ iṣẹ́ kiri. Àlùbọ́sà kọ́ ọ ní kàrátè. Ìyá kan tó jọ àgbọ̀nrín, tó sì rorò bí ọlọ́pàá ojú títì, kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Ó ba mọ́tò bàbá rẹ̀ jẹ́, ó lọ bá ọ̀pọ̀lọ́ kan tó pàtẹ sọ́jà, ó bá a polówó kó lè rí owó tún mọ́tò ṣe. Adìyẹ kọ́ ọ ní kéèkì ṣíṣe. Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó sáré dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àfi bó ṣe bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ìlà! Ó di dandan kó fi orin borí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lè wọlé. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe rí ní garáàjì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ẹ̀rín náà sì ni.

Bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyí. Ọ̀gá á kọ ìlà orin kan, àmì á máa jáde lójú tẹlifíṣọ̀n: igun mẹ́ta, igun mẹ́rin, òbírí, àgbélébùú. Bó bá kan ajá, ẹni tó di páàdì mú á tẹ àwọn àmì wọ̀nyí tẹ̀lé ìlù, kò gbọ́dọ̀ yá jù, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù. Lílé àti gbígbè náà ni. Bí àyàn ṣe ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní dùndún náà ni: bàbá á lu gbólóhùn kan, ọmọ á lù ú tẹ̀lé e. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń kọ máàkì sí, Cool, Good, Bad, Awful. Ẹni tó bá já bọ́ kọjá èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀kọ́ ti tú ká, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó dùn jù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n débi pé ó ń fi tirẹ̀ kún ti ọ̀gá láìṣi ìlù gbé, ọ̀gá á kúrò lójú ìran, á fi í sílẹ̀ kó máa dá a kọ. Ṣé oníṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí kò mọ̀ pé fírídọ̀mù nìyẹn?

Ọdún 2001 ni èkejì jáde ní Jàpáànù, ó dé Amẹ́ríkà ní 2002. Nínú èyí, ajá jẹ ẹ̀bùn núdù tí yóò tó o jẹ fún 100 ọdún. Ó jẹ ẹ́ títí ó sú u, ló bá di pé oúnjẹ gbogbo ìlú ń di núdù. (Ẹ̀yin tí ọmọ yín kì í jẹ nǹkan mìíràn mọ́ àfi Indomie, ẹ pẹ̀lẹ́ o.) Colonel Noodle kan ló wà nídìí rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń ta bọ́gà, bọ́gà ọ̀hún ni òun sì kórìíra. Ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà wáyé ní ṣọ́ọ̀bù onírun: wọ́n ti yí onírun lórí, gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ ló ń fi áfúrò rẹpẹtẹ dìde.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá èkíní káàkiri ayé ni kò gba ti èkejì tán. Wọ́n ní ó rọ̀ jù, wọ́n ní kò pẹ́ tó fi parí, orin rẹ̀ kò sì lẹ̀ mọ́ni létí bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwòrán èkejì gún régé jù, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín, èèyàn méjì sì lè dojú kọ ara wọn nínú rẹ̀. Wọ́n ní èkíní gan-an ló máa ń purọ́ mọ́ni, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, á ní wọn kò tẹ̀ ẹ́ re. Nígbà tí wọ́n tún èkíní ṣe fún PlayStation 4 ní 2017, ẹ̀sùn yìí náà ló tún jáde. Ohun tí wọ́n ń sọ lókè òkun náà ni ọmọ ìyá méjì yìí ń sọ ní Ìkàrẹ́.

Sídì kejì ni àbúrò kọ́kọ́ gbá, torí onírun yẹn. Láàárín Sọ́ńdè méjì, ó ti parí ẹ̀kọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, inú rẹ̀ wá ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

“Bọ̀ọ̀dá, èyí dáa ju èkíní tẹ́ ẹ máa ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn lọ. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, kò sì ni mí lára.”

“Wọ́n tì ẹ́ kọjá ni. O ṣì í tẹ̀, wọ́n ní ó dáa. O tún ṣì í tẹ̀, wọ́n ní kó o máa lọ. Ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn?”

“Ẹ ti fẹ́ràn ìyà jù. Ọ̀gá tó bá ń purọ́ mọ́ọ̀yàn, ṣé òun ni ọ̀gá gidi?”

Ẹ̀gbọ́n ò dáhùn, ó fi sídì kìíní sí i. Sọ́ńdè mẹ́ta gbáko ni àbúrò fi wà nídìí mọ́tò wíwà, kò kọjá. Bó bá ti já bọ́, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní Sọ́ńdè kẹta yìí, ìyá wọn jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ya iṣu tó ti ń rà sọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ló bá gbójú sókè.

“Ọdún méjì tó o lò ní Ọ̀kà yẹn, sídì wo ni ọ̀gá rẹ?”

Ilé pa lọ́lọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe àwàdà. Wọ́n ti dá ọjọ́ fírídọ̀mù, wọ́n ti ń wo aṣọ tí wọ́n máa fi ṣe ankó, ìyá sì ti san lára owó tí ọ̀gá ní kí wọ́n mú wá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá náà, tí orúkọ rẹ̀ kò ní jáde níbí. Kì í lu ọmọ iṣẹ́, kì í bú wọn. Bí ọmọ bá di irun tó wọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní “ó dáa, ó dáa”, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, á tún un dì fún oníbàárà, ọmọ á sì gba ibòmíràn lọ máa gbálẹ̀. Ìyá tó bá rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ yẹ kó dúpẹ́, nítorí àwọn ọ̀gá kan wà tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹrú, tọ́mọ á máa fọ aṣọ, tí á máa pọnmi, tí kò ní fọwọ́ kan irun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin yìí bá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ta ni yóò máa bá a tú u tí yóò máa bá a tún un dì?

Ìyá sún iṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú gèlè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Di ṣùkú fún mi. Èmi ni oníbàárà.”

Ẹ̀gbọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mú òòyà. Ó ya irun, ìlà kò gún. Ó tú u, ó tún un yà. Ó dì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ojú ìyá rẹ̀ ti ń ro ó nítorí fífà, kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ṣùkú tó yẹ kó jókòó sí àárín orí ti yẹ̀ lọ sápá òsì bí ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ wò ó nínú dígí, ó bú sẹ́kún. Ìyá ò jẹ́ kó tú u. Òun ló gbé lọ sọ́jà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fi gèlè bò ó.

Ẹ̀gbọ́n wá ń yan. Ó ní ṣé ẹ rí i báyìí, sídì kìíní ni ìyá. Àyọ̀pọ̀rọ́ ni ayọ̀ ọ̀hún, ẹ gbọ́ ìdí.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àbúrò padà sí sídì kejì, kò sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láti ẹ̀kọ́ kìíní. Fìlà ajá ti yí àwọ̀! Ó ti di búlúù. Orin tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ́ ni ọ̀gá ń kọ mọ́, ọ̀rọ̀ ti yí, títẹ̀ rẹ̀ sì ti le sí i. Bí géèmù náà ṣe wà nìyẹn: ẹni tó bá parí rẹ̀ tó tún padà wá, fìlà á di búlúù, á di píńkì, á di yẹ́lò, iṣẹ́ á sì máa le sí i. Ó na páàdì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbá a, ó já bọ́. Ó fọ ojú, ó tún un gbá, ó já bọ́. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ti gbá sídì kejì já, ló pa á tì, ló sì ti ń bú u látìgbà náà pé ó rọ̀!

“Ẹ ò padà sí i, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ kàn ń pè é ní ọ̀lẹ ni.”

Bó ṣe dé Ọ̀kà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá rẹ̀. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mo bá di irun tó wọ́, ẹ má bá mi tú u mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi tú u, kí n tún un dì.” Ọ̀gá wò ó títí. Ó ní kò sí ọmọ iṣẹ́ tó bi òun ní irú ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ọ̀rọ̀ gidi: oníbàárà wo ló fẹ́ jókòó dalẹ́ nítorí kí ọmọ iṣẹ́ lè mọṣẹ́? Èyí kì í ṣe ìbéèrè kékeré, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í sí pé ọjọ́ Túsìdeè tí ọjà kò yá, ẹni tó bá gbà kí ọmọ náà di irun òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò san ìdajì owó. Èèyàn méjì ló kọ́kọ́ gbà. Ọ̀kan nínú wọn bínú lọ.

Wọ́n ti sún fírídọ̀mù sí oṣù Disẹ́ńbà. Ìyá ti ra aṣọ ankó tirẹ̀, ó ní kò bàjẹ́, aṣọ kì í rà bí iṣu. Ẹ̀gbọ́n kò tíì kọjá fìlà búlúù, ó ṣì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù wá pé ti àkọ́kọ́ ló dáa jù. Ìyá tí kì í dá sí géèmù ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọ́ tó ń tajà yẹn han òun. Wọ́n fi hàn án. Ó wò ó dáadáa, ó mi orí, ó ní orin lásán ni èyí ń kọ, kò na ọjà sí ẹnì kan.