Ètò Wáìfáì ní Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́

Bí a ti í ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Òwe yìí ni olùkọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́, ìlú àpáta Olósùnta, gbàgbé nígbà tí a fi ètò wáìfáì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ mẹ́ta péré ni owó tí àwọn òbí dá lè rà. Ní ilé tirẹ̀, ẹ̀rọ kan ní pálọ̀ tó gbogbo yàrá. Nítorí náà, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ́fíìsì ọ̀gá, tí ó wà láàárín ọgbà. Ní alẹ́, ó bá àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì náà, tí ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, nítorí pé ìgbì rẹ̀ kò dé ilé tí wọ́n ń sùn. Ojú tì í.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú fóònù àti ìwé, ó rin gbogbo ọgbà já, ó sì kọ ibi tí ìgbì ti lágbára àti ibi tí ó ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó wá rí i pé ibi kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù a máa dín agbára ìgbì kù; páànù a máa dá a padà. Ìgbì 2.4 GHz a máa la ògiri kọjá ju ti 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n ti 5 GHz ni ó yára jù. Nínú gbọ̀ngàn, èrò ni ìṣòro: omi inú ara ènìyàn a máa fa ìgbì mu, igba ọmọ lẹ́nu ẹ̀rọ kan sì dà bí igba agbè lẹ́nu kànga kan. Ẹ̀rọ méjì tí agbára wọn mọ níwọ̀n, tí a sì yà sí ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí 1 àti 6, sàn níbẹ̀ ju alágbára kan lọ. Ní ti oko ilé-ẹ̀kọ́ tí àpáta dí lójú, àfi òpó gíga méjì tí ó lè rí ara wọn. Owó kò sì tó ìyẹn.

Ó kó ẹ̀rọ kúrò ní ọ́fíìsì: ọ̀kan sí ilé ibùsùn, méjì sí gbọ̀ngàn. Inú ọ̀gá kò kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí àkọsílẹ̀ náà, ó ní wáyà tó òun.

Kí ẹni tí yóò ṣe irú ètò yìí kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ mọ ilẹ̀, kí ó tó fi owó ra ẹ̀rọ.