Òkúta Aro ní Ẹnu Òkun Èkó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ etí òkun Èkó yóò jẹ́rìí pé iyanrìn ni a tẹ́ síbẹ̀, kì í ṣe àpáta. Iyanrìn kì í sì í dúró lójú kan: ìgbì kan a gbé e wá, òmíràn a gbé e lọ. Akàn lè gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí ó ń fẹ́ ibi tí yóò lẹ̀ mọ́ kò rí àyè níbẹ̀.

Ní ọdún 1908 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ odi òkúta sí ibi tí ọ̀sà gbé wọ inú òkun, kí iyanrìn má baà máa dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá. Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni a ti fọ́ òkúta náà, ọkọ̀ ojú irin sì kó wọn wá. Báyìí ni òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí kò rí òkun rí, ṣe di onílé fún àwọn ọmọ òkun.

Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò wọ́n, omi ti fà sẹ́yìn, a sì rí i pé àwọn ará ibẹ̀ ń gbé ní ìpele-ìpele bí ará ilé alájà. Lókè, níbi tí títa omi nìkan ń dé, ni àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ wà, tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn wọn pa nítorí oòrùn. Ní àárín ni ẹ̀dá kékeré kan pọ̀ sí, tí ilé rẹ̀ funfun, tí ó sì rí bí òkè tí a gé lórí. Ní èwe rẹ̀ a máa lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yan òkúta kan, a fi orí lẹ̀ mọ́ ọn, kì yóò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń gbọ́n oúnjẹ rẹ̀ láti inú omi. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ewédò gbé tutù yọ̀yọ̀. Akàn pẹlẹbẹ sì ń sáré wọ inú pàlàpálá òkúta bí òjìji wa bá ti kàn án.

A bèèrè ìdí tí olúkúlùkù kò fi kọjá àyè rẹ̀. Olùkọ́ wa dáhùn pé oòrùn àti gbígbẹ ni ó sábà pa ààlà wọn lókè, ọ̀tá àti ìjà àyè sì ni ó sábà pa á nísàlẹ̀.

Inú wa dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Iyanrìn etí òkun wa a máa rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, odi náà sì dá a dúró lọ́nà. Nítorí náà ilẹ̀ gbòòrò sí i ní apá ìwọ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n ní apá ìlà oòrùn, ní Bar Beach, òkun bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀, omi sì ń ya wọ ojú títì. Léraléra ni a rọ́ iyanrìn síbẹ̀, léraléra ni òkun kó o lọ, títí a fi tún kó òkúta mìíràn wá láti dá a lẹ́kun.

Òkúta kan náà ni ó fún akàn ní ilé, tí ó sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Nítorí náà, bí a bá di olùkọ́, tí a sì kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ẹwà àwọn ẹ̀dá náà hàn wọ́n, kí a sì fi ọ̀rọ̀ iyanrìn pamọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀tún, kí wọ́n wo òsì, kí wọ́n sì bèèrè ibi tí ohun tí a dá dúró níhìn-ín ìbá ti lọ.