ỌWỌ́ Ń RO WÁ, Ẹ JẸ́ KÁ SỌ Ọ́ JÁDE

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí a ṣì ń gun máṣíìnì káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí ló ni ín: àwa pásítọ̀ tí ìjọ wa ní ẹ̀ka méjì mẹ́ta lọ́nà oko, ẹ̀yin bàbá ọlọ́kadà tí ẹ ṣì ń dúró de èrò ní Òkìtìpupa, ẹ̀yin tí ẹ ń fi Bajaj gbé ẹyìn jáde láti inú oko. Ẹ̀yin ọmọ wa náà lè kà á, torí bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, ẹ̀yin la ó pè.

Ọwọ́ ń ro wá. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kó tán. Láàárọ̀, ká tó lè di ẹ̀ṣẹ́, iṣẹ́ ni. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì di ogun. Ìdérí ike omi, ọmọ-ọmọ la ń pè kó wá bá wa ṣí i. Tí a bá wá gun máṣíìnì, ìdí àtàǹpàkò òsì ló kọ́kọ́ ń ké, torí òun ló ń dúró gbọin nígbà tí ìka yòókù bá ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ọ̀nà Òkìtìpupa sí Òde-Ayé lásán: kòtò, ewúrẹ́, àwọn ọlọ́pàá, kòtò mìíràn. Gbogbo rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni.

Tí a bá dé ilé ìjọsìn, ọwọ́ yẹn kan náà la ó gbé lé àwọn ènìyàn lórí. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á wá bọ̀ wá lọ́wọ́, "Daddy, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa!", wọ́n á sì fún ọwọ́ náà bí ẹni ń fún ẹ̀gẹ́. Ìfẹ́ ni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o.

(Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe púpúrù, a ò gbàgbé yín. Fífún ẹ̀gẹ́, mímọ ọ́n ní rogodo kó tó lọ sórí iná, ọwọ́ yín náà mọ ohun tí à ń sọ. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí bá yín mu, yàtọ̀ sí ti kílọ́ọ̀ṣì.)

Kí ló dé tí a kì í sọ ọ́? Owó ni àkọ́kọ́. Bàbá ọlọ́kadà tó bá sọ pé ọwọ́ ń ro òun, ta ló máa gun ẹ̀yìn rẹ̀? Èkejì ni ìgbàgbọ́, èyí sì le ju owó lọ. Pásítọ̀ tó ń gbàdúrà fún aláìsàn, báwo ló ṣe máa dìde níwájú ìjọ kó ní làkúrègbé ń yọ òun lẹ́nu? Àwọn kan á ti mú Ọba Ásà wá, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tó lọ bá oníṣègùn. Ẹ tún un kà dáadáa, Kíróníkà Kejì orí 16. Ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ ni pé kò wá Olúwa. Kò síbi tí wọ́n ti ní kí ẹni tó ń wá Olúwa má rí dókítà.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ìjọ, ẹ rántí pé lẹ́yìn ìsọjí ńlá ti 1930 ní Òkè-Ọyẹ̀, Iléṣà, ọ̀kan lára ohun tó dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàrin àwọn aṣáájú wa àti àwọn míṣọ́nnárì tó wá láti Ìlú Ọba ni kíníìnì. Àwọn òyìnbó ń lò ó sí ibà, àwọn baba wa ní ìwòsàn Ọlọ́run nìkan tó. Ó wà lára ohun tó bí Ìjọ Kristi Àpọ́sítélì. A bọ̀wọ̀ fún àwọn baba yẹn, iná tó wà lára wọn kò sí lára ọ̀pọ̀ wa lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rí ìyàtọ̀ kan. Ara tiwọn ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá kọ kíníìnì, òun ni ibà máa mú. Àwa tí a wà lórí máṣíìnì, a gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fa búrékì iwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń tẹ ti ẹ̀yìn. Nígbà tí máṣíìnì bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ ń lọ síwájú, ìdí nìyẹn tí búrékì iwájú fi ń dá a dúró ju ti ẹ̀yìn lọ. Bàbá tí ìka ń ro kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́, ẹsẹ̀ nìkan ló ń lò. Yóò máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ ilé ìwé kan bá já sójú títì lójijì ní Àyèká, tàbí tí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa tí táyà ẹ̀yìn wá yọ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa bi wá bóyá a ní ìgbàgbọ́.

Mósè náà, ọwọ́ rẹ̀ wúwo lórí òkè. Kò ṣe bí ẹni pé kò wúwo. Wọ́n gbé òkúta wá, ó jókòó lé e, Áárónì àti Húrì dì í mú lọ́tùn-ún lósì títí oòrùn fi wọ̀. Ọlọ́run tó ń jà fún Ísírẹ́lì lọ́jọ́ náà kò pe òkúta yẹn ní àìnígbàgbọ́.

Ó yẹ ká mọ èyí tó ń ṣe wá, torí làkúrègbé la ń pe gbogbo rẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àgbà ni àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis. Láàrin egungun méjì, ohun funfun kan wà tó ń yọ̀, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń rún jẹ lórí egungun adìyẹ. Bó bá ti ń tín-ín-rín, oríkèé á máa ro, egungun á sì máa hù létí rẹ̀. Ìdí àtàǹpàkò àti oríkèé tó sún mọ́ èékánná ló ń dà láàmú jù. Kókó líle tí ẹ ń rí lẹ́bàá èékánná àwọn àgbà, William Heberden, dókítà ará Ìlú Ọba kan tó kú ní 1801, ló ṣàpèjúwe rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é. Kì í ṣe ìyá ọkọ ló ta á lù yín. Líle ọwọ́ àárọ̀ ti irú èyí kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kó tó rọ̀.

Bó bá lé ní wákàtí kan kí ọwọ́ tó rọ̀, tí ibi tí a fi ń na ẹ̀ṣẹ́ wú ní ọwọ́ méjèèjì, tó gbóná, tí gbogbo ara sì ń rẹni, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ìyẹn lè jẹ́ rheumatoid, níbi tí ohun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ti ń bá ara jà. Oògùn wà fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ kí oríkèé tó bàjẹ́. Bó bá jẹ́ òru ló ń jí yín, tí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ń kú tàbí ń ta bí abẹ́rẹ́, iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ni ibẹ̀ há mọ́. Gbígbọ̀n náà ń kó tirẹ̀. Ní 1918, Alice Hamilton, dókítà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, lọ wo àwọn agbẹ́kùúta ní ìpínlẹ̀ Indiana tó ń lo ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n. Tí òtútù bá mú, ìka wọn á funfun, á kú. Máṣíìnì kì í sábà gbọ̀n tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí bóòtù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti tú láti ọdún tó kọjá, kó ro ó wò.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló ń dùn wá jù. Ẹ mọ ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń dì ní kẹ́míìsì: kóró pupa, kóró funfun, kóró àwọ̀ ewé. "Bàbá, ẹ lo èyí, ẹ ó sáré." Òótọ́ ni, ẹ ó sáré. Inú rẹ̀ sábà máa ń ní diclofenac tàbí piroxicam, nígbà mìíràn méjèèjì, pẹ̀lú prednisolone tàbí dexamethasone. Àwọn ti àkọ́kọ́ lè dá egbò sínú, wọ́n lè ba kídìnrín jẹ́, wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Tí wọ́n bá pò wọ́n mọ́ àwọn ti ìkẹyìn, egbò inú tún yá sí i. Àwọn ti ìkẹyìn náà, bó bá pẹ́, wọ́n ń gbé ṣúgà sókè, wọ́n sì ń mú egungun rọ.

Bàbá kan wà ní ẹ̀ka wa lọ́nà Ìlútitun. Ọdún méjì ló fi ń lo ọ̀rá yẹn lójoojúmọ́ kó tó jáde nílé. Ọwọ́ kò ro ó mọ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kò sọ fún ìyàwó, kò sọ fún wa, títí ó fi ṣubú lulẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú obìnrin aláboyún tó gbé. Obìnrin náà kò fara pa, ìyanu ni. Ẹ̀jẹ̀ páìnì mẹ́ta ni wọ́n fà sí bàbá lára, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ló fi í sílẹ̀. Ó wà láàyè, ògo ni fún Ọlọ́run. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yin tó jẹ́ tramadol lẹ gbójú lé, NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó ju 100 mg lọ. 225 àti 250 tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ lè mú gìrì, ó lè dá èémí dúró. Àgbo ọlọ́tí òwúrọ̀ ńkọ́? Ọtí ni. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ kò lókìkí. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ká ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, ká máa ṣí i, ká máa pa á dé. Ìbọ̀wọ́ nígbà ọyẹ́. Jẹ́ẹ̀lì diclofenac tí a ń fi pa ìka: èyí tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ kéré gan-an sí ti kóró, òun ni àwọn dókítà sábà ń kọ́kọ́ fún àgbà tí ọwọ́ ń ro. Ìdè àtàǹpàkò tí a ń dè lálẹ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n ya fọ́tò egungun, ẹ sì sọ fún wọn bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú.

Máṣíìnì náà ń ṣàìsàn tirẹ̀. Kébùlù kílọ́ọ̀ṣì tó ti gbẹ tàbí tó ti ń já fọ́nrán fọ́nrán, agbára ìlọ́po ló ń gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kán ọ́ìlì sí i, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Kó yí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti ti búrékì wálẹ̀ díẹ̀ kí ọrùn ọwọ́ lè nà gbọọrọ. Ẹ wé rọ́bà inú táyà mọ́ ibi tí à ń dì mú kó lè nípọn, torí ohun tó tín-ín-rín ló ń mú ká fún un jù. Kó sì dé gbogbo bóòtù pinpin.

Ẹ̀yin tí agbára yín ká a, ẹ rántí Honda kékeré tí àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń gùn nígbà tí owó Údójì jáde ní 1975? Kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì. Soichiro Honda àti Takeo Fujisawa ló gbé Super Cub jáde ní 1958, wọ́n fẹ́ kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri ní Japan lè fi ọwọ́ kan wà á. Ẹsẹ̀ ló ń yí jíà, kílọ́ọ̀ṣì ń ṣe ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2017, wọ́n ti ṣe ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Irú rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Àwọn ọmọkùnrin ń pè é ní máṣíìnì obìnrin, wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Àwa pásítọ̀ àti àwọn bàbá ọlọ́kadà inú ìjọ wa ti fẹnu kò lórí nǹkan kan. Òfin ara wa ni, kì í ṣe ti dókítà. Láàárọ̀, kí máṣíìnì tó gbéra, a ó fa búrékì iwájú dé òpin, a ó dì í mú, a ó ka ení títí dé ogún. Tí ìka bá tú kó tó pé, kò sí èrò lẹ́yìn wa lọ́jọ́ yẹn. Ẹrù nìkan, tàbí ká sinmi. Ẹni tí kò bá rí owó nítorí èyí, kó wá bá wa ní kọ̀rọ̀. Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àwọn àgbà fún un, a kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ.

Ní Sátidé yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, mẹkáníìkì méjì yóò wà ní iwájú ilé ìjọsìn wa ní Òkìtìpupa. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn, kébùlù nìkan lẹ ó rà. Nọ́ọ̀sì ìjọ yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ mú ọ̀rá oògùn yín dání bó ṣe wà, ẹ má kọ́kọ́ yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ kò bá ṣíná, kó tì í wá.