Dùrù Bàbá Mi Tí Ó Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jọ ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ó da ilé mi rú. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín bí ó ti rí gan-an, láì fi ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe pamọ́.

Ọmọ atẹdùrù ni mí. Bàbá mi ń tẹ dùrù fún ẹgbẹ́ olórin kan ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún tí owó epo ń ṣàn bí omi. Ní 1977, ó ra àlòkù dùrù oníná mànàmáná kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rhodes lọ́wọ́ òyìnbó kan tí ń padà sí ìlú rẹ̀. Eyín rẹ̀ jẹ́ 73, ọkùnrin méjì ni í sì gbé e. Ohùn rẹ̀ dà bí agogo tí a fi òwú wé. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá tẹ̀ ẹ́ líle, yóò gbó bí ajá. Ní 1986, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, dùrù náà kúrò ní pálọ̀ wa. Wọ́n ní àwọn ti tà á. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún àwa ọmọ, àwa náà kò sì béèrè. Láti ọjọ́ náà, n kò rí bàbá mi nídìí dùrù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nípa dùrù yìí. Olùkọ́ dùrù kan ní Amẹ́ríkà, Harold Rhodes, ni ó ṣe é. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó fi páìpù tí a yọ lára ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù B-17 ṣe dùrù kékeré tí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ lè gbé lé itan lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, kí ara wọn lè yá. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń tẹ̀síwájú, títí dùrù eléyín 73 fi jáde ní 1965. Kò ní okùn nínú. Bí a bá tẹ eyín rẹ̀, òòlù kékeré kan yóò lu ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pá náà yóò máa gbọ̀n níwájú òòfà tí a fi wáyà wé, gbígbọ̀n náà yóò sì di iná mànàmáná tí ń lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí ohùn kan bá ṣìnà, bàbá mi a ṣí ìdérí, a sì sún wáyà róbótó kan tí a ká mọ́ ọ̀pá náà síwájú tàbí sẹ́yìn, títí ohùn yóò fi bọ̀ sípò. Kí ọdún 1990 tó dé, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é ti ti ilẹ̀kùn. Àwọn ògbólógbòó tí ó kù láyé lónìí, owó wọn kọjá ohun tí irú wa lè máa dá lábàá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi hàn mí pé a lè rí ohùn náà nínú kọ̀ǹpútà. Ètò kan ni, wọ́n ń pè é ní plugin. Oríṣi méjì ni ó wà. Àwọn tí ó ṣe àkọ́kọ́ jókòó ti ògbólógbòó dùrù, wọ́n tẹ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́ àti líle, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì kò ní ohùn kankan ní ìpamọ́. Ìṣirò ni kọ̀ǹpútà ń ṣe lójú ẹsẹ̀, bí òòlù ti le tó, bí irin ti jìnnà sí òòfà tó. Èyí ni mo yàn, nítorí kì í gba ààyè púpọ̀, ó sì ṣeé yí padà bí ọbẹ̀ tí ènìyàn ń tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó fún irú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gba ti ìdánwò, ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n a nílò kíbọ́ọ̀dù tí a ó fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, èyí tí kò ní ohùn tirẹ̀. Ibí yìí ni mo ti ṣìṣe. Owó àjọ mi bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní oṣù náà, mo sì fi ra kíbọ́ọ̀dù àti plugin láì sọ fún ọkọ mi. Abẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ ni mo tọ́jú rẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kìíní, inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn, bí ẹni tí a ń pè láti òdì kejì odò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dín iye kan kù nínú ètò ohùn kọ̀ǹpútà. Mo dín in kù jù, ohùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí òróró gbígbóná tí omi kán sí. Nígbà tí mo rí àárín rẹ̀, tí mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí, tí mo tẹ ìlà kan nínú orin ìjọsìn tí mo mọ̀ láti kékeré, mo sunkún, n kò ní parọ́.

Báyìí ni mo ṣe ń dìde lóru nígbà tí gbogbo ilé bá sùn. Ọkọ mi jí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó rí mi nínú òkùnkùn tí mò ń ju èjìká, tí mò ń fi ìka gbá tábìlì, kò sì sí ìró kankan. Ó pariwo orúkọ Ọlọ́run. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí ó béèrè iye owó rẹ̀. Oṣù yẹn gan-an ni ó yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi san owó ilé. "Ìyá àwọn ọmọ, owó wà lọ́wọ́ rẹ, o sì ń wò mí?" Ohun tí ó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ kú àárọ̀ àti oúnjẹ ti délẹ̀ nìkan ni a ń bá ara wa sọ. Mo di kíbọ́ọ̀dù sínú páálí rẹ̀, mo sì ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi wá ẹni tí yóò rà á.

Ní Sátidé, bàbá mi wá kí wa. Wọ́n rí páálí náà, wọ́n ní kí ni mo rà. N kò lè purọ́ fún wọn, mo so ó, mo sì fi ohun ìgbọ́rọ̀ sí wọn létí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n mi orí. "Òun ni, àmọ́ ó mọ́ jù. Tèmi ti gbó."

Mo rántí pé ètò náà ní ibì kan tí a fi ń sọ dùrù di arúgbó. Mo fà á síwájú díẹ̀díẹ̀. Àwọn ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà, òmíràn ń hó. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Ọmọ ọdún 75 ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó síbẹ̀ ju wákàtí kan lọ.

Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ létí, wọ́n sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bí àbúrò mi, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ, owó kò sì sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni dùrù ti lọ. "Ìyá yín bínú sí mi fún ọdún kan gbáko. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ òun wà níbẹ̀, kí ló dé tí mi ò béèrè lọ́wọ́ òun kí n tó mú tèmi?"

Ẹnu ọ̀nà ni ọkọ mi dúró sí. N kò mọ ìgbà tí ó dé.

Kò sọ pé kí n má tà á, kò sì sọ pé kí n tà á. Lálẹ́, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ owó ilé wá, a jókòó, a kọ gbèsè mi sínú rẹ̀: oṣù mẹ́wàá, láti inú èrè aṣọ tí mò ń tà. Mo ti san mẹ́jọ. Bàbá mi ń wá ní gbogbo Sátidé, wọ́n sì ti fòfin dè mí pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi tí a fà á dé.