Iléyá ní Treichville

Ará Ìníṣà tó bá ń lọ sí Abidjan kò nílò kó dé Èkó kó tó rí mọ́tò. Èjìgbò ni yóò lọ, nítorí bọ́ọ̀sì ń gbéra níbẹ̀ lọ tààrà sí Côte d'Ivoire. Ibẹ̀ ni mo ti wọkọ̀ nígbà tí Iléyá ọdún 2023 kù sí dẹ̀dẹ̀. A gba Ṣẹ̀mẹ̀ wọ Kutọnu, a la Lomé àti Accra kọjá, a já sí Elubo, a sì wọ Côte d'Ivoire ní Noé. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ní kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan máa wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Kò jọ pé ìròyìn náà tíì dé etí àwọn tó ń na okùn dí ọ̀nà. Ẹni tí kò ní káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sanwó. Ẹni tó ní i náà sanwó.

Òjò ni Abidjan fi kí wa, oṣù kẹfà ló máa ń rọ̀ jù níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, bí lèmọ́mù ṣe sálámà báyìí, oníkálùkù ti gbé ẹní ìkírun sórí, ó di eré.

Àgbàlá kan náà ní àdúgbò Treichville ni Alájì ọmọ Ìníṣà tó gbà mí lálejò, àwọn Mọ́sí láti Burkina Faso àti àwọn Jula jọ ń lò. Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n pa àgbò tán, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yan. Ọmọbìnrin Alájì, tí wọ́n bí sí Treichville, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ kú ọdún, bàbá. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀." Kó tó dìde, Faransé ló ti ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, nígbà tó gbé abọ́ ẹran dé ẹnu ọ̀nà àwọn Jula, "sambe-sambe" ló fi kí wọn. Mo bi í pé ọmọ agbo ilé wo ni ní Ìníṣà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ kò dé Ìníṣà rí.

Àmàlà ni mo ń retí, attiéké ló kọ́kọ́ dé: gbágùúdá tí wọ́n rin, tí wọ́n fi ooru omi sè, tó rí wóró-wóró, pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà tútù. Ó dùn o, ṣùgbọ́n kò di ikùn mú bí ẹ̀bà.

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ló gba gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, Gánà sì ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde. Ọmọdé ni Alájì nígbà náà. Ó ní ìsọ̀ bàbá òun ní Kumasi kún fún ọjà, ìwọ̀nba tí ọkọ̀ lè gbà ni wọ́n rí kó. Nígbà tí wọ́n dé Ìníṣà, yàrá kan ṣoṣo nílé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni gbogbo wọn há sí. Abidjan ni bàbá náà forí lé lẹ́yìn ìyẹn. Ibẹ̀ náà ní tiẹ̀: láti ọdún 1990 ni wọ́n ti ń gba owó káàdì ìgbélùú lọ́wọ́ àjèjì, ọdún 2007 ni wọ́n tó fagi lé e fún ọmọ ECOWAS.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́lé sílé kí n tó ra mọ́tò," Alájì wí.

Àkọ́bí rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, a ṣì ń san owó ilé níhìn-ín. Alángbá ló ń gbé èyí tẹ́ ẹ kọ́ sílé."

"Alángbá ń bá mi ṣọ́ ọ ni."

Mi ò dá sí i, nítorí àlejò ni mí, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò parọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Ìníṣà, páánù ti dípẹtà, ọwọ́ aṣọ́lé ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Síbẹ̀, èmi tí n kò sá kúrò níbì kan rí, kí ni mo fẹ́ sọ fún Alájì? Wọn ò tíì parí àríyànjiyàn náà tí Ìyá Àkọ́bí fi gbé àmàlà dé, ọ̀rọ̀ bá di ta ni yóò mú orí àgbò.